Ìlà Tí Kò Ṣeé Ká

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Alálàá. Bí ó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀, á tẹ́ ẹní sílẹ̀ láàárín tábìlì àti ògiri, á dùbúlẹ̀, á sì dijú. Kì í sùn, bẹ́ẹ̀ ni a ò lè sọ pé ojú rẹ̀ dá. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú irin ti máa ń dẹ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọ ìlú, ariwo wọn a sì máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wọ́ aṣọ nílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò ni obìnrin yìí ń ṣe, ìṣirò ìrísí, kò sì sí ibi tó dára láti ṣe é lójú tirẹ̀ bí ẹ̀yìn ìpéǹpéjú. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló mọ̀ pé a kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lásìkò yẹn.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Bàbá Onílà. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun orí rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Orí ìlà kan ṣoṣo ni bàbá yìí kọ́ gbogbo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe lé.

Ọ̀rọ̀ ìlà yìí kò le tó bí àwọn tó ń kọ́ ọ ṣe ń fi dẹ́rù bani. Àwọn oníṣirò a máa fi ìdọ́gba ya ìrísí: wọ́n á kọ nǹkan sápá ọ̀tún, wọ́n á kọ nǹkan sápá òsì, gbogbo ibi tí ọ̀tún àti òsì bá ti ṣe déédéé ni ìrísí náà. Wọ́n á wá fẹ́ mọ èwo ló jẹ́ ẹbí èwo, èwo ni a lè tẹ̀, tí a lè nà, tí yóò di èkejì láìfàya. Ṣùgbọ́n kí nǹkan tó yí padà, ó gbọ́dọ̀ ní àkókò tí yóò fi yí padà, ìdọ́gba kò sì mọ àkókò. Ohun tí Bàbá Onílà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà èwe wọn ni pé wọ́n mú ìlà gbọọrọ kan, èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo ìrísí, wọ́n fi rọ́pò àkókò. Ohun tó bá rin ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti yí padà nìyẹn. Nítorí náà wọ́n fi í ṣe òfin pé ìlà náà fúnra rẹ̀ kò ju àmì kíún kan lọ, pé a lè ká a bí ẹni ká ẹní títí gígùn rẹ̀ yóò fi tán. Orí òfin yìí ni wọ́n kọ́ ilé ńlá lé, ilé náà sì dúró.

Ọmọbìnrin tí kò lè la ẹnu láwùjọ ni Alálàá nígbà tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì Bàbá. Bàbá ni kò jẹ́ kí ó pa iṣẹ́ náà tì. Nígbà tó ń ṣègbéyàwó, tí bàbá tó bí i kò sí láyé mọ́, Bàbá Onílà ló dúró ní ipò baba ìyàwó. Ó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ó sì sọ fún ọkọ ní gbangba pé bí ó bá rí i tí ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ ògiri, kí ó má bínú, ògiri kọ́ ló ń wò. Ọkọ náà, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, dáhùn pé òun náà ń tẹjú mọ́ ààrò lójoojúmọ́, àwọn méjèèjì yóò mọwọ́ ara wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìrísí kan wà tí wọ́n nípọn níbi tí ojú kò ti lè rí i. Bí o bá wò wọ́n láti òkèèrè, àmì kíún lásán ni wọ́n. Bí o bá sún mọ́ wọn, ìdọ́gba wọn yóò sọ fún ọ pé àmì náà ní ara, bí ẹni tó wọ ẹ̀wù sábẹ́ ẹ̀wù. Alálàá dùbúlẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, ó ń rò wọ́n. Lójú àlá tí kì í ṣe àlá yẹn, ó rí ara rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí ti òwúrọ̀ tó kún fún kùrukùru. Àwọn àmì tó nípọn náà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Ó ká ìlà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó tún un tẹ́, àwọn àmì náà ti pẹlẹbẹ. Ìnípọn wọn ti lọ. Ó ṣe é bí ẹni tó fọ aṣọ tán tó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti bá omi lọ.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀. Wọ́n kà á sí ẹrù tí a gbọ́dọ̀ sọ̀ sílẹ̀ kí a tó lè gun òkè. Alálàá pàápàá ti kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn àánú àwọn àmì náà ṣe é, bí ẹni pé èèyàn ni wọ́n, àánú ọ̀hún kò sì lọ nígbà tó lajú. Ó jókòó lórí ẹní, ó ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin, ó wá bi ara rẹ̀ pé bí a bá fi ìlà náà sílẹ̀ kí ó gùn bó ṣe gùn ńkọ́? Kí ni yóò kù tí a lè kọ́lé lé?

Ohun tó kù ni òrùka. Bí o bá fi àmì kan kún ìlà náà níbi tí kò lópin, orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ yóò pàdé níbẹ̀, yóò di òrùka. Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo òrùka yìí náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká ìlà tán ni. Alálàá rò ó pé bóyá òrùka nìkan tó. Kí ó ṣáà jẹ́ pé a lè fi òrùka bọ ìrísí, kí a sì tún lè bọ́ ọ kúrò láìjẹ́ pé ohunkóhun sọnù. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó ń da iyọ̀ sínú tíì. Ọkọ rẹ̀ ní irú bíríkìlà wo rèé, tí kò ní bíríkì kan ṣoṣo lọ́wọ́, tó wá ní òun ń tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe.

Ní àsìkò yìí kan náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣètò ìpàdé ńlá kan láti fi bu ọlá fún Bàbá Onílà. Alálàá ni wọ́n yàn pé kí ó sọ̀rọ̀ lórí ìpìlẹ̀ tí Bàbá fi lélẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò lè dúró níwájú wọn kí òun máa yin ìlà tí òun ò fẹ́ ká mọ́. Ó sì mọ̀ pé Bàbá kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Bàbá ń gbé lókè ilé ìtajà oògùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ta oògùn nísàlẹ̀. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì yéé ráhùn pé eruku ṣọ́ọ̀kì kò dára fún àyà bàbá òun. Àga onítìmùtìmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ni Bàbá jókòó sí tí Alálàá fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó rí lójú àlá dé orí òrùka. Bàbá kò wò ó. Ojú ọ̀nà ló ń wò, níbi tí obìnrin kan ti ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ. Nígbà tí Alálàá sọ̀rọ̀ tán, tíì Bàbá kò rú èéfín mọ́.

“Ìlà mi wá ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá. A ò kàn ní ká a mọ́ ni.”

“Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o,” ni Bàbá wí. “Báwo lo ṣe máa ti ibí dé ọ̀hún? Èmi, orí ìlà ni mò ń bá rìn. Ìwọ, kí lo fẹ́ máa rìn lé?”

Alálàá tẹjú mọ́ ògiri. Òun náà ti ń sá fún ìbéèrè yẹn. Gbogbo iṣẹ́ náà ni kí a lè mú nǹkan láti ojú kan dé ojú kejì. Ẹni tó bá gba ìlà kúrò nílẹ̀, ó ti gba ọ̀nà kúrò nílẹ̀.

“Tí o bá rí ohun tí o máa rìn lé, kí o padà wá,” ni Bàbá sọ. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Nígbà tí ọmọ Bàbá sìn ín dé ìsàlẹ̀, ó bi í pé kí ló sọ fún bàbá òun tí kò fi fẹnu kan tíì rẹ̀. Alálàá ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni.

Kò padà síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò mọ̀ bóyá Bàbá lé òun ni àbí ó rán òun níṣẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, gíláàsì fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣomi ṣáá. Ó gbìyànjú láti rìn lórí èyí, ó gbìyànjú láti rìn lórí tọ̀hún, gbogbo rẹ̀ ń fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà mìíràn ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyìn mọ́ fún ìpàdé náà, ọ̀rọ̀ tó dùn tí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Tó bá dijú, á rí àwọn àmì tó nípọn náà, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé kan tí kò mọ̀, wọ́n ń dúró de ẹnìkan.

Ọkọ rẹ̀ ló tù ú nínú. Wọ́n ń ká aṣọ gbígbẹ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, ó ní kí ó tún ọ̀rọ̀ Bàbá sọ fún òun gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe sọ ọ́. Alálàá tún un sọ. Ọkọ náà na bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì gbọọrọ, ó mú etí kan, ó na èkejì sí ìyàwó rẹ̀.

“Ẹni tó ń lé èèyàn kì í bi í ní ìbéèrè,” ló wí. “Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà. Máa wá a.”

Ilé búrẹ́dì ló ti rí i. Ó lọ dúró de ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí iná ààrò ti kú tí ògiri ṣì gbóná. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó fẹ̀yìn ti ògiri náà. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ìyẹ̀fun sì ń fò lójú rẹ̀ bí ohun tí kò ní ìwúwo. Ó dijú. Ó rí òrùka náà níwájú rẹ̀, ó tóbi, ó ń tàn díẹ̀, òun sì dúró lójú kan lórí rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wá ọ̀nà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé á yọ àmì kan kúrò lára òrùka náà kí ó lè di ìlà, nítorí orí ìlà ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa rìn. Lọ́tẹ̀ yìí ó rẹ̀ ẹ́. Kò yọ ohunkóhun. Ó kàn dúró. Ó sì rí i pé òun ti wà lójú kejì, láìgbé ẹsẹ̀.

Ó lajú. Ìrísí tó bá lè gba òrùka sára, tó sì lè bọ́ ọ láìpàdánù, kò lè mọ ẹni tó dúró síhìn-ín lórí òrùka yàtọ̀ sí ẹni tó dúró sọ́hùn-ún. Kò sí ohun tí a fẹ́ ká. Òrùka fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà. Ó dìde lọ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, ó fọ́n ìyẹ̀fun síbẹ̀, ó fi ìka kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ dé, ó rí i, ó yí padà, ó lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má nu tábìlì yẹn títí òun yóò fi sọ̀rọ̀.

Àlá kì í ṣe ẹ̀rí. Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ jáde ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú ìdí fún gbogbo ìṣísẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà lọ sókè ilé ìtajà oògùn.

Ikọ́ ti ń bá Bàbá jà, ọmọ rẹ̀ sì sọ fún Alálàá lórí àtẹ̀gùn pé kí ó má jẹ́ kí bàbá òun sọ̀rọ̀ jù. Ó tún béèrè pé àkóbá wo ni Alálàá ṣe fún bàbá òun ná, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ló ń bá jí. Nígbà tí Alálàá wọlé, ó rí pátákó ara ògiri. Òrùka ló kún inú rẹ̀, ńlá àti kékeré, òmíràn tí a ti pa rẹ́ tí a tún yà.

“Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń wá a,” ni Bàbá wí. “Mi ò rí i. Jókòó, kí o fi hàn mí.”

Alálàá fi ìwé tó kọ lé e lọ́wọ́. Bàbá kà á bí àwọn àgbà ṣe ń yọ egungun ẹja, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Ó dé ojú kan, ó dúró, ó tún padà sẹ́yìn. Ó wá fi ìka tẹ ìlà ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀.

“O ti ká ìlà níbí.”

Alálàá ní òun ò ká a. Bàbá ní kí ó wò ó dáadáa. Ó wò ó, òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti ká ìlà náà láìjẹ́ kí ọkàn rẹ̀ mọ̀, bí ẹni tó kó kúrò nílé tó tún ń yà sójú ọ̀nà ilé àtijọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Ó ní kò burú, òun lòun kọ́ ọ ní ìwàkiwà yẹn. Wọ́n fi ọ̀sán mélòó kan bá ojú ibẹ̀ jà, Bàbá nínú àga, Alálàá nídìí pátákó, ọmọ Bàbá ń gbé omi gbígbóná wọlé, ó ń gbé eruku ṣọ́ọ̀kì jáde. Bí ẹnì kan bá dábàá, ẹnì kejì á wó o. Ọ̀kan wá wà tí kò wó.

“Ó dúró,” ni Bàbá sọ. Ó tún un wò, ó tún un sọ. “Ó dúró.”

Alálàá kò mọ bí òun yóò ṣe béèrè ohun tó wà lọ́kàn òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ilé Bàbá kò wó, pé gbogbo ohun tí wọ́n ti fẹ̀rí rẹ̀ hàn ṣì jẹ́ òótọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ ká ìlà nínú ilé tuntun náà lè ká a, yóò sì bá ara rẹ̀ nínú ilé Bàbá gan-an.

“Mo mọ̀,” ni Bàbá dáhùn. “Ilé mi ti di yàrá kan nínú ilé rẹ. Ó dùn mí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mi ò sì lè bá òótọ́ ṣọ̀tá lọ́jọ́ alẹ́ mi. Òun ni kí o lọ sọ fún wọn ní ìpàdé yẹn.”

Ó sì sọ ọ́. Gbọ̀ngàn náà kún. Bàbá jókòó níwájú, ọmọ rẹ̀ fi aṣọ òtútù bò ó lẹ́sẹ̀. Alálàá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú omi, ohùn ara rẹ̀ ń dún sí i létí láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kò ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dìde, ọkùnrin kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá ṣáájú Alálàá. Ó ní òun kò fẹ́ jiyàn lórí ìṣirò, ọ̀rọ̀ ìwà ni tòun. Ó béèrè pé ṣé ọjọ́ tí a pe àgbà láti bu ọlá fún un náà ni ó yẹ kí a máa tú òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn kan mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá kò dìde. Láti orí ìjókòó ló ti sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

“Ọmọ mi, o ṣeun tí o ń jà fún mi. Kò sẹ́ni tó tú òkúta kankan. Ọmọbìnrin yìí walẹ̀ jìn jù mí lọ ni. Jókòó, kí a gbọ́ èyí tó kù.”

Ọkùnrin náà jókòó. Alálàá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn kò sì kí i fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ mú iṣẹ́ náà lọ ilé wọn, wọ́n gbà á yẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, kò wó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìnípọn àwọn àmì kò tún sọnù mọ́. Ohun tí a kò lè wọ̀n rí lára wọn di ohun tí a ń wọ̀n.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, Alálàá kéde pé òun yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ilé tuntun náà láti ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọ kíláàsì, ó bá Bàbá Onílà láàárín àwọn ọmọ, pẹ̀lú gègé àti ìwé tó mọ́ fónífóní. Bàbá ní òun ti kà á, òun kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé bàbá náà máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì máa ń bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìtijú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pín bisikíìtì. Inú a máa bí i sí ara rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá tètè yé e. Á gbá tábìlì jẹ́ẹ́, á ní kí Alálàá tún un sọ, Alálàá á sì tún un sọ fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán kan lẹ́yìn kíláàsì, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Oòrùn rọ̀ lórí ọ̀dà títì. Bàbá ń sọ fún un pé ìbéèrè kékeré kan wá sí òun lọ́kàn láàárọ̀, nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìrísí kan bá ti pín sí méjì, pé òun kò mọ̀ bóyá ó níláárí tàbí kò ní. Alálàá ní kí ó máa sọ ọ́ lọ. Bàbá ń fi ìka ya nǹkan náà sí afẹ́fẹ́, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń yà á. Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn. Wọn kò gbọ́. Awakọ̀ náà dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n, ó béèrè bóyá wọ́n ń lọ.

“Máa lọ ná,” ni Bàbá dáhùn láìgbójú sókè. “A ṣì ń jókòó.”